Ibi Tí Mọ́tò Kò Dé

Ẹni tó ń kọ́lé ní Mowe kì í ronú púpọ̀ lórí bí sìmẹ́ńtì ṣe ń dé. Tírélà á já a sí ṣọ́ọ̀bù létí títì, ẹni tó rà á á pe kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, ó di ẹnu ilé. Bí òjò bá ti sọ ọ̀nà àdúgbò di ẹrẹ̀, onímọ́tò á kùn, á gba owó lé owó, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì á dé. Ní Wamena, bàálù ni ọ̀pọ̀ sìmẹ́ńtì ń wọ̀. Ìrẹsì ń wọ bàálù, iyọ̀ ń wọ bàálù, páànù, ìṣó, oògùn àti epo bẹntiróò náà ń wọ̀ ọ́. Ìlú yìí wà ní àfonífojì Baliem, láàárín àwọn òkè gíga erékùsù New Guinea, ní apá ibi tó wà lábẹ́ ìjọba Indonesia tí wọ́n ń pè ní Papua. Ibẹ̀ fi mítà tó lé ní 1,600 ga ju òkun lọ. Etíkun ni ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù sílẹ̀, igbó àti òkè ló sì wà láàárín etíkun àti ẹni tó fẹ́ ra ẹrù náà.

Ẹ jẹ́ ká wo epo nìkan. Ní ọdún 2016, lítà kan jẹ́ nǹkan bí 6,500 rupiah ní erékùsù Java, níbi tí olú ìlú Indonesia wà. Lórí àwọn òkè Papua, àwọn ènìyàn ń ra lítà kan yìí kan náà ní 60,000, ó sì ń tó 100,000 níbòmíràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Ààrẹ Joko Widodo fò lọ sí Yahukimo, ní agbègbè òkè wọ̀nyẹn, ó sì kéde pé iye kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa ta epo jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ilé iṣẹ́ epo ìjọba ló wá ń ru owó bàálù tó ń gbé e.

Wamena ṣì sàn. Ìlú ni, ó ní ọjà, ó ní ọ̀nà mọ́tò tó lọ sí àwọn abúlé tó yí i ká. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le ni àwọn ibùdó tó wà lókè réré, tí ọ̀nà mọ́tò kankan kò wọ̀. Níbẹ̀, pápá koríko kan tó dagun sí ẹ̀gbẹ́ òkè ni ẹnu ibodè wọn. Bàálù kékeré á máa gun pápá náà lọ sókè bó ṣe ń balẹ̀, kí eré rẹ̀ lè tètè kú. Bó bá fẹ́ gbéra, á kọjú sí ìsàlẹ̀, á sáré já sínú òfurufú. Àwọn ará abúlé ló ń gé koríko pápá. Àárọ̀ ni bàálù máa ń wá jù, nítorí bí oòrùn bá ti ń yẹ̀ àtàrí, kùrukùru á bo òkè, awakọ̀ kò sì ní rí ọ̀nà. Aboyún tí ọmọ dábùú sí nínú ní ìrọ̀lẹ́ á dúró di ọjọ́ kejì, bí ojú ọjọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ilé àwọn ẹ̀yà Dani tó ń gbé àfonífojì Baliem rí roboto, igi ni ògiri rẹ̀, koríko ni òrùlé tó bò ó bọ̀rọ̀gìdì. Kò ní fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà ní láti tẹ̀ kó tó wọlé. Òtútù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé ni Papua wà, bí ilẹ̀ tiwa náà, síbẹ̀ yìnyín ń bẹ lórí ṣóńṣó òkè rẹ̀ tó ga jù, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4,884, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán báyìí. Nítorí náà, iná igi ń jó láàárín ilé láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ooru iná ń gbà wọ́n lọ́wọ́ òtútù, èéfín rẹ̀ ń bá ẹ̀dọ̀fóró wọn jà. Ikọ́ àti àìsàn ọ̀nà èémí wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù.

Kúkúǹdùnkún ni oúnjẹ wọn. Òun ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun ni wọ́n ń jẹ lálẹ́, òun ni wọ́n fi ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó, òun ni wọ́n fi ń parí ìjà, òun ni wọ́n ń pa níbi ìnáwó. Àwọn obìnrin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ oko, wọn kò sì gbé ẹrù lórí bíi tiwa. Àpò tí wọ́n fi okùn èèpo igi hun ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí, àpò á rọ̀ sẹ́yìn títí dé ìbàdí. Obìnrin kan lè gbé àpò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: kúkúǹdùnkún nínú ọ̀kan, igi ìdáná nínú èkejì, ọmọ ọwọ́ tó ń sùn nínú ẹ̀kẹta. Noken ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Papua. Ní ọdún 2012, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí sínú ìwé àwọn àṣà tó yẹ kí wọ́n tètè dáàbò bò kó má bàa parun.

Ẹni tó fi ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo ṣe gbogbo ayé rẹ̀ kò ní ibi tó lè sá sí bí ọ̀gbìn náà bá kú. Ní àárín ọdún 2023, ọ̀dá dá ní agbègbè Agandugume àti Lambewi, ní ẹkùn Puncak, òtútù sì mú títí tí yìnyín fi bo oko. Ewé kúkúǹdùnkún gbẹ, iṣu rẹ̀ rà nínú ilẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́fà ló kú, ìròyìn sì sọ pé àwọn tí ìyàn náà kàn lé ní 7,000. Ìjọba ní ìrẹsì nílẹ̀. Bí wọn yóò ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ebi ń pa ló di wàhálà, nítorí ojú ọjọ́ kò dára fún bàálù, ọkàn àwọn awakọ̀ kò sì balẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà ni àwọn ajàjàgbara Papua mú awakọ̀ òfurufú ará New Zealand kan ní pápá Paro, ní Nduga, wọ́n dáná sun bàálù rẹ̀, wọn kò sì tú u sílẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Bí awakọ̀ bá bẹ̀rù, oògùn kò ní dé, tíṣà kò ní dé.

Ní ìdajì erékùsù náà tó jẹ́ orílẹ̀-èdè Papua New Guinea, tó gba òmìnira lọ́wọ́ Australia ní ọdún 1975, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí títì tó so Port Moresby, tó jẹ́ olú ìlú, pọ̀ mọ́ Lae tó jẹ́ ìlú kejì, tàbí mọ́ àwọn ìlú orí òkè. Èdè tí wọ́n ń sọ ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo yìí lé ní 800. Ìgbà tí òkè bá ya àfonífojì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn ìran tó wà níbẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn oníròyìn òyìnbó fẹ́ràn láti máa pe irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ará ayé àtijọ́. Irọ́ ni. Ní Kuk, nítòsí Mount Hagen, àwọn awalẹ̀pìtàn rí kòtò tí àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ láti fi fa omi kúrò nínú irà kí wọ́n lè gbin nǹkan, ọjọ́ orí iṣẹ́ oko ibẹ̀ sì tó ẹgbẹ̀rún ọdún méje, ó kéré tán. UNESCO gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé ní ọdún 2008. Ènìyàn tó mọ̀ nípa fífa omi irà kúrò lóko ṣáájú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í ṣe òpè. Ohun tí kò ní ni ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí, àwọn tó ń gbé Ifo, Ibafo àti Mowe ló yẹ kí wọ́n tètè lóye rẹ̀ jù. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1900. Ifo wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní 1930, ẹ̀ka mìíràn yà láti Ifo gba ọ̀dọ̀ Ìlaròó lọ sí Ìdogò, Ifo sì di ìkóríta ọkọ̀ ojú irin, ibi tí èrò ti ń sọ̀, tí ẹrù ti ń pààrọ̀ ọ̀nà. Ní ti Mowe àti Ibafo, abúlé àgbẹ̀ ni wọ́n kí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní ọdún 1978. Ẹni tó bá wo àwọn ilé tó kún ẹ̀gbẹ́ títì náà lónìí, bóyá ó ń wò wọ́n láti inú dáńfó tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró, títì yìí ló ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò yí pa dà. Ọ̀nà ló gba ibẹ̀ kọjá.

Gbígbé orí òkè pàápàá kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹ̀yìn ogun tó tú ilẹ̀ Ẹ̀gbá ká ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, ihò àpáta sì di ibi ìsádi fún wọn. Àwọn Ẹ̀gbá dúró sí ìsàlẹ̀ àpáta, wọ́n tẹ ìlú Abẹ́òkúta dó. Àwọn ará Ìdànrè ní tiwọn gun orí àpáta lọ, wọ́n sì gbé ibẹ̀ pẹ́ títí.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìdànrè wà, ìrìn mọ́tò láti Àkúrẹ́ kò tó wákàtí kan. Òdòdé, Àlàdé àti Àtòsìn ni àwọn ìlú tó wà nísàlẹ̀ báyìí. Lókè ni Òkè-Ìdànrè, ìlú àtijọ́, láàárín àwọn àpáta tó ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò ń gùn lónìí, irin ìdìmú ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibùdó ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń já. Ní ayé ọjọ́un, kò sí àtẹ̀gùn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe. Orí òkúta àti gbòǹgbò ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ẹrù sì ń bẹ lórí.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé bó bá gòkè tán, kì í bá ara rẹ̀ lórí ṣóńṣó. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa ló ń bá pàdé, àwọn àpáta mìíràn tún yọrí sókè yí i ká, ìlú sì wà láàárín wọn. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀: ilé alámọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí ń gbé dúró, páànù tí ìpata ti jẹ di àwọ̀ èèpo igi. Ẹ jẹ́ ká ro ti páànù yẹn wò. Ẹnìkan ló gbé ewé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gòkè. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà lókè náà, bẹ́ẹ̀ ni ilé agogo, ibojì àwọn ọba àti ojúbọ. Wọ́n á fi ipasẹ̀ Agbóògùn hàn ọ́ lórí òkúta, èyí tí ìtàn sọ pé ó máa ń gba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ òmìrán. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi orúkọ Òkè-Ìdànrè sínú àkójọ àwọn ibi tó ń fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Inú àkójọ ìdúró yẹn ló ṣì wà láti ìgbà náà.



Báwo ni àwọn ará Ìdànrè ṣe ń gbé orí àpáta nígbà náà? Àpáta ń dáàbò bo ènìyàn, kò gba iṣu tó pọ̀. Inú igbó ẹlẹ́tù lójú tó wà nísàlẹ̀ ni oko tó dára wà. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ìdáná, epo pupa, orí ló ń gbé gbogbo rẹ̀ gòkè. Nígbà tí ogun ń jà, àǹfààní tó wà nínú gíga ju ìyà inú rẹ̀ lọ, nítorí ọ̀tá tó ń gun òkè pẹ̀lú idà lọ́wọ́ kò lè bá ẹni tó wà lókè lójijì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun rọlẹ̀ tán tí òyìnbó gbàjọba, kòkó dé. Ilẹ̀ Ìdànrè gba kòkó débi pé ó wà lára ibi tí kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà títí di òní. Kòkó ń fẹ́ ọ̀nà, ó ń fẹ́ mọ́tò, ó ń fẹ́ ibi tí wọn yóò ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Èwo ni kí àgbẹ̀ máa gbé àpò kòkó gun àpáta kó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 1923, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àlejò, ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ìbọn lé wọn. Ọjà ló pè wọ́n, wọ́n sì jẹ́ ẹ. Àwọn òrìṣà àti ètùtù ọba ni wọn kò kó sọ̀ kalẹ̀. Ọwá ṣì ń gòkè lọ ṣe ọdún ní ààfin àtijọ́, òrìṣà Orósùn sì ṣì ń gba ọdún tirẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ará òkè ní Nàìjíríà ló rí kòkó tó pè é wálẹ̀.

Ní ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Adamawa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Madagali, òkè Sukur wà nítòsí ibodè Cameroon. Òun ni ibi àkọ́kọ́ tí UNESCO gbà wọlé ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ní 1999, ọdún mẹ́fà ṣáájú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ọba wọn ń jẹ́ Hidi, òkúta tí wọ́n tò léra wọn láìfi amọ̀ sí i ni wọ́n fi mọ ògiri ààfin rẹ̀. Lára òkè, wọ́n fi òkúta to ògiri kúkúrú ní ìpele ìpele kí ọ̀gbàrá má bàa wọ́ ilẹ̀ oko lọ, ẹ̀yìn ògiri yẹn ni ọkà bàbà àti jéró ń hù sí. Àwọn bàbá ńlá wọn fi òkúta tẹ́ ojú ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó fẹ̀, ó sì mọ́ ju ọ̀pọ̀ ọ̀nà àdúgbò wa lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Màlúù wọn ń gbé inú ilé: wọ́n á mọ ibùjẹ olókùúta tí ìdajì rẹ̀ wọnú ilẹ̀, wọ́n á fi ọmọ màlúù síbẹ̀, wọ́n á máa já koríko wá bọ́ ọ títí yóò fi sanra fún àjọ̀dún.

Iṣẹ́ irin ló sọ Sukur di olókìkí. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, títí wọ inú ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, wọ́n ń yọ́ irin nínú iléru amọ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ láti ìtòsí àti ọ̀nà jíjìn sì ń rà á. Ṣé ẹ rí i pé òkè kò sọ wọ́n di aláìlọ́jà? Ohun tí wọ́n ń tà níye lórí tó láti mú kí oníbàárà gun òkè wá. Ìgbà tí irin òyìnbó tó pọ́ọ́kú dé ni iléru kú.

Ìdí tí wọn kò fi sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà wà nínú ìwé kan. Hamman Yaji, tó jẹ́ olórí Madagali ní ìsàlẹ̀ òkè, ń kọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ní èdè Lárúbáwá láti 1912 sí 1927, ọdún tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì mú un. Ó ń kọ iye ẹrú àti iye màlúù tí àwọn jagunjagun rẹ̀ kó bọ̀ láti orí àwọn òkè sílẹ̀ bí alájàpá ṣe ń kọ ọjà tó wọlé. Sukur wà lára ibi tó kọlù lemọ́lemọ́. Ilẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ Jámánì sọ́wọ́ Faransé, ó sì tún bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, òwò ẹrú kò sì dáwọ́ dúró. Kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà tí ogun tún fi dé orí òkè: ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Boko Haram gun Sukur, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sun ilé àti irè oko. Àwọn ará ibẹ̀ tún ilé wọn kọ́.

Ní gúúsù ìpínlẹ̀ kan náà ni àwọn Koma wà, lórí òkè Alantika, ní ìjọba ìbílẹ̀ Jada. Ọ̀rọ̀ tiwọn gbòde ní 1986, nígbà tí àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n rán lọ sí agbègbè náà ròyìn wọn fún gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ìwé ìròyìn gbé àwòrán obìnrin tó fi ewé bo ìdí àti ọkùnrin tó sán bàǹtẹ́ jáde, ariwo sì ta pé wọ́n ti rí ẹ̀yà kan tẹ́nìkan kò mọ̀ rí. Ìtìjú ló yẹ kí ìròyìn yẹn jẹ́ fún ìjọba. Oṣù Kejì ọdún 1961 ni àwọn ará Northern Cameroons dìbò láti dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, inú ilẹ̀ yẹn ni òkè Koma wà, wọ́n sì di ara Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí kí orílẹ̀-èdè tó gbúròó wọn. Àwọn aládùúgbò wọn mọ̀ wọ́n. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọjà ẹsẹ̀ òkè bíi Nassarawo Koma, wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n sì ń gun òkè pa dà lọ sí ilé wọn.

Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ Koma ti ṣí wá sí ìsàlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ti dé ẹsẹ̀ òkè, aṣọ sì ti gbòde láàárín wọn. Àwọn tó kù sókè ṣì ń fi ẹsẹ̀ wọn ṣe mọ́tò. Arìnrìn-àjò tó bá fẹ́ lọ kí wọn á fi wákàtí bíi mélòó kan gun òkúta. Bí ọ̀rọ̀ ti rí fún àlejò tó jẹun yó nìyẹn. Ti ẹni tí ejò bù jẹ, tàbí ẹni tó ń rọbí lọ́wọ́, ó yàtọ̀: ẹ̀yìn ọ̀dọ́kùnrin tàbí igi tí wọ́n so aṣọ mọ́ ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé gíga òkè ló fa gbogbo èyí. Kó lọ wo Gembu, ní Ìpínlẹ̀ Taraba. Orí òkè Mambilla ni Gembu wà, kò sì sí òkè tó ga ju Chappal Waddi tó wà ní agbègbè rẹ̀ lọ ní Nàìjíríà, mítà 2,419. Òtútù ibẹ̀ ń mú kí ènìyàn wọ súwẹ́tà ní ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n títì kan gun òkè náà, ó lọ́ bí ejò, ó ń ba awakọ̀ lẹ́rù, ó sì dé òkè. Nítorí títì yẹn, ewé tíì ń sọ̀ kalẹ̀ láti oko Kakara, màlúù ń sọ̀ kalẹ̀, sìmẹ́ńtì ń gòkè nínú tírélà. Gembu ga ju ọ̀pọ̀ abúlé Koma lọ, kò sì dá nìkan wà tó wọn.

Títì kò lè gun gbogbo òkè, owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ kan lè dá ná. Ibi tí Papua ti ṣe àṣìṣe ló yẹ ká ti kọ́gbọ́n: bàálù jẹ́ ọ̀nà, ọ̀nà olówó iyebíye sì ni, ọjọ́ tí kò bá fò, abúlé á há. Ethiopia, tí òkè kún inú rẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2003, ìjọba ibẹ̀ ń yan àwọn ọ̀dọ́bìnrin láti àdúgbò wọn, wọ́n ń kọ́ wọn fún ọdún kan, wọ́n sì ń dá méjì méjì pa dà sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti máa fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n máa tọ́jú aboyún, kí wọ́n máa wo ibà. Wọ́n lé ní 30,000, wọ́n sì ń gba owó oṣù. Ní Rwanda, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2016, dróònù ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ kọjá lórí òkè lọ sí ilé ìwòsàn tí mọ́tò ń pẹ́ kó tó dé. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ nílé níbí. Kò sí ohun tó ní kó má dé Alantika.

Ohun tí ìjọba Adamawa lè ṣe láìdúró de títì nìyẹn: kí wọ́n kọ́ ọmọ Koma méjì láti abúlé kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ agbẹ̀bí àti ti olùtọ́jú, kí wọ́n san owó oṣù wọn déédéé, kí oògùn má sì wọ́n lọ́wọ́ wọn. Tíṣà tí wọ́n rán wá láti ìlú kì í pẹ́ kó tó sá. Ọmọ orí òkè kò ní ibi tó ń sá lọ. Bí wọ́n bá dúró títí tí àwọn ará òkè yóò fi sọ̀ kalẹ̀ tán, òkú ni wọn yóò máa kà.

Ní ti olùkàwé tó wà ní Mowe, Ibafo tàbí Ifo tó bá fẹ́ mọ bí ìgbé ayé orí òkè ṣe ń rí lára, Ìdànrè ló súnmọ́ ọ jù. Kó gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, kó sùn síbẹ̀, kó sì dé ẹsẹ̀ òkè láàárọ̀ kí oòrùn tó mú àpáta. Kó gbé omi dání, kó wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kó má sì ṣe lọ lẹ́yìn òjò, nítorí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀.